Bí Ọ̀pọ̀ Bá Ń Ṣubú Lójú Kan Náà, Ẹ Wo Ilẹ̀ Ibẹ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò ìgbàwọlé sí yunifásítì jáde. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà lé ní mílíọ̀nù 1.9. Àwọn tó ju mílíọ̀nù 1.5 lọ nínú wọn ni kò gba tó 200 nínú 400. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, a ti gbé àwọn ọmọ náà dé ilé ẹjọ́, a sì ti dá wọn lẹ́bi. Lórí rédíò, nínú ọkọ̀ èrò, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ohùn kan náà ni mò ń gbọ́: ọ̀lẹ ni wọ́n, ìdí fóònù ni wọ́n ń sùn tí wọ́n ń jí, Yahoo-Yahoo ló wà lọ́kàn wọn, àwọn òbí wọn ló kẹ́ wọn bàjẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, pe àwọn akọ̀ròyìn jọ. Ó ní àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àjọ náà. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló jókòó sí àwọn ibùdó yẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà da omi lójú, ó tọrọ àforíjì. Mo yìn ín pé ó jẹ́wọ́ ní gbangba, torí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó wà nípò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti fi ẹnu sọ àwọn ọmọ yẹn di ọ̀lẹ, n kò gbọ́ kí ẹnì kankan nínú wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Lóòótọ́, àṣìṣe yẹn kọ́ ló fa gbogbo máàkì kékeré tí a rí. Ní 2024 náà, nǹkan bí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ni kò gba 200. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú wa ronú. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ń kùnà, tí ọdún kejì dé tó tún rí bẹ́ẹ̀, “ọ̀lẹ ni wọ́n” kì í ṣe ìdáhùn tó kájú ìbéèrè náà mọ́.

Sosiọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ọdún kìíní ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni: bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé, ohun tí ìbágbé náà ń ṣe fún wa, àti ohun tó ń ṣe sí wa. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí nítorí ìdánwò: ètò àwùjọ, ipò, ojúṣe, òfin àìkọsílẹ̀, ìtọ́dàgbà. Bí ìdánwò bá ti parí, wọ́n á gbàgbé wọn. Ìyẹn máa ń dùn mí dé ọkàn, torí pé irinṣẹ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ọlọ́jà lè lò wọ́n, olórí ìjọ lè lò wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba lè lò wọ́n. Èrò kan ló sì wà ní ìdí gbogbo wọn: bí ẹnì kan bá ṣubú, ká bi í bó ṣe gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣubú lójú kan náà, ká wo ilẹ̀ ibẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ èrò yìí bí wọ́n ṣe mọ owó kà.

Ẹni tó là á mọ́lẹ̀ jù lọ ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, C. Wright Mills, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas, tó kọ́ni ní yunifásítì Columbia ní New York. Nínú ìwé rẹ̀, The Sociological Imagination, tó jáde ní 1959, ó pín ìyọnu ẹ̀dá sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ìyọnu ẹnì kan, èyí tí ìwà rẹ̀, ìpinnu rẹ̀ àti àwọn tó yí i ká lè bí. Èkejì ni ọ̀ràn gbogbo ìlú, èyí tó ti kọjá agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé bí a ṣe to ìlú ló bí i. Àìríṣẹ́ ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìlú tó ní ènìyàn 100,000, bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà láìníṣẹ́, ó tọ́ ká wo ìwà rẹ̀, ká wo iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nínú orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 50, bí mílíọ̀nù 15 bá wà láìníṣẹ́, ẹni tó bá ṣì ń yẹ ìwà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní rí ojútùú láéláé. Ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà àti bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀ ló yẹ kó yẹ̀ wò.

Ní tiwa, a kì í sábà dé ọ̀nà kejì yìí. Bí ọ̀dọ́ bá parí ẹ̀kọ́ tí kò rí iṣẹ́, a ní kò múra. Bó bá múra tí kò tún rí i, a ní orí rẹ̀ ni. Bí a bá ti ṣètò orí tán, a ní ayé ló ń bá a jà. Àlàyé mẹ́ta, ara ọmọ kan ṣoṣo náà ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Kò sí ẹni tó bèèrè pé àwọn mélòó ló parí pẹ̀lú rẹ̀, mélòó nínú wọn ló ríṣẹ́, ilé iṣẹ́ mélòó ló ti kógbá wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti wọ yunifásítì.

Ilé bàbá mi ni mo ti rí ẹ̀kọ́ yìí kí n tó kà á nínú ìwé kankan. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi àti bàbá mi, ti tó ọmọ ọdún 11 nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Dòdò ló ń kiri fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ọmọ kékeré ni ètò náà ń wá, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dàgbà kọjá rẹ̀. Nígbà tó kàn mí ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ní ìwé ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi fọwọ́ kan etí òsì. Ọwọ́ mi kàn án, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tí ẹ̀gbọ́n mi sì di ẹni tí mo ń ka ìwé ìròyìn fún.

Ẹ má ṣe rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi di ìyá nínú ọjà, òun ni olórí ẹ̀súsú. Orí ni ó fi ń ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀: iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, ẹni tó jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó kàn, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun ṣáájú nítorí ìsìnkú, iye tó kù lọ́rùn rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ṣi kọ́bọ̀ kan kà. Èmi tí mo gba oyè ní yunifásítì kò lè ṣe é láìsí bírò. A jọ ní ìyá kan, bàbá kan, ilé kan, obìnrin ni àwa méjèèjì, ọpọlọ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ọdún tí wọ́n bí wa ló pín wa níyà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún gbogbo agbègbè. Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá owó sí i, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954 di èyí tó ju 811,000 lọ ní 1955. Láàárín ọdún kan ṣoṣo! Ṣé orí àwọn ọmọ náà ló dédé dára lóru ọjọ́ kan? Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ru kòkó, tó ń kiri dòdò? Ọmọ kan náà ni wọ́n, láti inú ilé kan náà. Ètò ló yí padà. Ohun tí a ń pè ní ètò àwùjọ nìyí: àwọn òfin, owó, ilé, ìlànà àti ìpinnu tó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa, tó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan, tó ń tì í mọ́ ẹlòmíràn, láìbèèrè ìwà tàbí ọpọlọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń bá pàdé ni ipò. Ralph Linton, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1936 pé ipò kan wà tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn, òmíràn sì wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ọmọ ọba tàbí àkọ́bí, ìwọ kọ́ lo yàn án. Nọ́ọ̀sì tàbí ìyálọ́jà, o ṣiṣẹ́ fún un. Ipò kọ̀ọ̀kan sì ní ojúṣe tó so mọ́ ọn, èyí tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀.

Ẹ wo ìyàwó ilé. Nílé ọkọ rẹ̀, ó lè ti pé ogójì ọdún, síbẹ̀ kó máa kúnlẹ̀ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ti bí sínú ilé náà kó tó wọlé. “Ọkọ mi” ni yóò máa pè é, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kó fún un ní orúkọ mìíràn bíi Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Àkówójọ. Bí ìnáwó bá wá ṣẹlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, ẹ lọ wo obìnrin kan náà. Ọmọ ilé ni níbẹ̀. Àwọn ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń sá sókè sódò, tí wọ́n ń pe òun náà ní ọkọ. Òun ló jókòó, òun ló ń pín ẹran, ohùn rẹ̀ ló ń dún jù nínú agbo ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ odidi ìwé kan ní 1997 láti fi hàn pé ẹni tó ṣáájú ẹni ni ilé Yorùbá àtijọ́ fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bá a jiyàn gidigidi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì rí obìnrin tí mo ṣe àpèjúwe rẹ̀ yìí. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ nílé ọkọ nìkan yóò ní onítìjú ènìyàn ni. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ yóò ní òṣìkà ọ̀gá ni. Àwọn méjèèjì ń fi ìwà pe ohun tó jẹ́ ipò.

Mo padà sí ẹ̀súsú ẹ̀gbọ́n mi, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti jinlẹ̀ jù fún mi. Àlùfáà Samuel Johnson ti sọ̀rọ̀ ẹ̀súsú nínú The History of the Yorubas, ìwé tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé Ifẹ̀ láti kọ́ nípa wa, tún kọ̀wé lé e lórí ní 1952. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ àlejò lẹ́nu ni pé kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà, kò sí ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ́kọ́ kó owó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kò fi lọ? Òfin àìkọsílẹ̀ ló dì í mú. Bó bá sá, ìròyìn rẹ̀ yóò dé ọjà kejì ṣáájú rẹ̀. Wọn kò ní wá síbi ìkómọ ọmọ rẹ̀. Wọn kò ní tà á ní àwìn mọ́. Ìyá rẹ̀ kò ní lè gbójú sókè láwùjọ. Sosiọ́lọ́jì ní orúkọ fún gbogbo èyí: ìyìn àti ìjìyà tí àwùjọ fi ń mú kí ènìyàn pa ìlànà mọ́. A sì ti kọ́ ìlànà náà láti kékeré, nígbà tí ìyá wa ń rán wa lọ dá owó, tó ń ní ká má ṣe dúró ṣeré lójú ọ̀nà. Ìtọ́dàgbà nìyẹn: ọ̀nà tí ohun tí ìlú fẹ́ ń gbà di ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ wá wo ọkùnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, kò sì sí náírà kan tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bó bá kù díẹ̀, á fi tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́, ń kọ owó ìrìn àjò tí kò rìn. Owó orí rẹ̀ gan-an, kò san án pé. Bí ẹ bá bi í, á ní ti ìjọba ni, kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni. Ṣé olóòótọ́ ni tàbí olè? Bí ìwà nìkan ni a bá ń wò, kò sí ìdáhùn, torí ènìyàn kan náà ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, ló fún wa ní ìdáhùn ní 1975. Ó ní ìjọba amúnisìn fi wá sínú gbangba méjì. Ọ̀kan ni ti ìbátan, ti ẹ̀yà, ti ìlú ẹni: níbẹ̀ a mọ ẹ̀tọ́, ojú ń tì wá, a sì ń san ohun tó tọ́. Èkejì ni ti ìjọba àti iṣẹ́ ọba, èyí tí àwọn àjèjì gbé kalẹ̀: níbẹ̀ a ń gba, a kì í fẹ́ san, ojú kì í sì í ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kó nínú ti èkejì wá fi kún ti àkọ́kọ́, oyè ni wọ́n ń fi dá a lọ́lá nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ ti yunifásítì Ifẹ̀ náà ronú jinlẹ̀ lórí ohun tó jọ ọ́, nígbà tó kọ̀wé nípa àjọbí àti àjọgbé: ìbátan tí ẹ̀jẹ̀ dá sílẹ̀ àti ìbátan tí ìbágbé dá sílẹ̀. Ìlú òde òní, àjọgbé ni. Èmi ò bí aládùúgbò mi, òun náà ò bí mi, síbẹ̀ omi kan là ń mu, ojú ọ̀nà kan là ń tọ̀. Ohun tí a kò tíì ṣe ni pé ká fún àjọgbé yìí ní ìtìjú àti ọ̀wọ̀ tí a ń fún àjọbí.

Ohun tí èyí ń kọ́ mi ni pé ìwàásù lórí ìwà ìbàjẹ́ nìkan kò lè gbà wá. A ti wàásù tó. Ẹ̀súsú ẹ̀gbọ́n mi kò dúró lórí ìwàásù. Ó dúró lórí pé gbogbo ẹni tó dáwó ló mọ iye tó wọlé, ló mọ ẹni tó gbé e lọ, ló sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá lẹ iye owó tó wọlé àti ohun tó fi ṣe mọ́ ara ògiri ọjà lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, yóò rí ìyàtọ̀ tí àdúrà ìparí ìpàdé kò mú wá rí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo bẹ àwọn olùkọ́ àti òbí pé kí wọ́n gbà gbọ́: orúkọ tí a bá pe ènìyàn lè di ìwà rẹ̀. Onímọ̀ sosiọ́lọ́jì kan, Robert Merton, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948, ó sì fi ilé ìfowópamọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìfowópamọ́ náà dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n wọ́n tan irọ́ kálẹ̀ pé ó fẹ́ wọlẹ̀. Gbogbo ènìyàn sáré lọ gba owó wọn lọ́jọ́ kan náà, ó sì wọlẹ̀ lóòótọ́. Irọ́ ni nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, àwọn tó gbà á gbọ́ ló sọ ọ́ di òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “olódo” tí à ń pe ọmọ nínú kíláàsì. Olùkọ́ kò ní pè é dáhùn ìbéèrè mọ́. Wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a kàwé. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, á jáwọ́. Lọ́dún kẹta a ó wí pé, “Ǹjẹ́ mi ò sọ?” A ṣe ju sísọ lọ. Àwa la fi ọwọ́ ara wa mú un ṣẹ. Tí a bá sì pe odidi ìran kan ní ọ̀lẹ láti orí rédíò, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, lórí àwọn ọmọ tó pọ̀ ju ti kíláàsì kan lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn, torí wọ́n ti fi dá mi lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ yìí ń fún ọ̀lẹ ní àwáwí. Wọ́n á ní ọmọ tálákà kan wà ní àdúgbò àwọn tó gba 300 nínú JAMB, tó ń kàwé nídìí iná ọlọ́jà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe di olórí ẹ̀súsú láìkàwé, agbára tirẹ̀ ni, n kò sì jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni fi ètò àwùjọ gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ojúṣe sí ara rẹ̀, ìwà sì ní ẹ̀san. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tó yege láàárín ọ̀pọ̀ tó kùnà fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kò fi hàn pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìṣẹ́gun rẹ̀ na àwọn tó kù.

Nípa àwáwí, òdìkejì ni mo rí. Ẹni tó bá sọ pé “orí wọn ni” ló ní àwáwí, torí kò sí iṣẹ́ kankan tí gbólóhùn yẹn yàn fún un. Ẹni tó bá sọ pé ètò ni kò dára ti gba iṣẹ́ sọ́rùn. Ènìyàn ló to ètò, ènìyàn ló sì lè tún un tò. Awókòyà àti Awólọ́wọ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì, olóṣèlú ni wọ́n, wọ́n sì sanwó fún ohun tí wọ́n ṣe. Owó orí tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tó bí ìlú nínú débi pé nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ NCNC fẹ̀yìn Action Group, ẹgbẹ́ tiwọn, gbálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, níbi tí Action Group ti ń ṣe ìjọba. Wọn kò torí ìyẹn dá ètò náà dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwé ṣí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni mò ń ta. N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá, ti kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwùjọ Yorùbá ní yunifásítì London ní 1939. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ìwé The Sociology of the Yoruba. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìmọ̀ nípa ara wa fi wà nínú pépà tí ọ̀pọ̀ wa kò rí kà. Títí di òní, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni à ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn tí ìyà ń jẹ jù kì í dé ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tí ohùn wọn ń dé etí ìlú. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, kí ẹ tó bèèrè pé “Ta ló jẹ̀bi?”, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé “Mélòó ni wọ́n? Láti ọdún wo? Àdúgbò wo ló pọ̀ sí jù?” Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún kìíní tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ni. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, bí àwọn tí kò níṣẹ́ bá jáde fún àdúrà, ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì ka iye wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìwé náà lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tó bá wá tọrọ ìbò yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe pe ọmọ kankan ní olódo mọ́.

Ìjọba ni ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn sí. UNICEF ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé ìwé ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Bí iye yẹn bá jáde, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni pé àwọn òbí kò mọyì ẹ̀kọ́. Mílíọ̀nù mẹ́wàá kì í ṣe ìwà òbí kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè fi ìwà rere rọ́pò ilé ìwé tí kò sí, tàbí olùkọ́ tí wọn kò san owó oṣù rẹ̀. Àwa àgbà ló yẹ ká kọ́ ilé ìwé náà, owó orí wa sì ni a ó fi kọ́ ọ, ìbáà bí wa nínú bó ṣe bí àwọn bàbá wa nínú ní 1954. Èmi jẹ nínú owó orí tí wọ́n fi ìbínú san yẹn. Mo ti ṣe tán láti san tèmi.